Bí A Ṣe Ń Fi Ètò Python Kékeré Kọ Orúkọ Gbogbo Fáìlì Inú Fódà Jáde, Tí Àmì Yorùbá Kò Fi Ní Bàjẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní fáìlì púpọ̀ nínú fódà kan, yálà ohùn àwọn àgbà tí wọ́n gbà sílẹ̀, fọ́tò ìdílé, tàbí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló máa ń fẹ́ ìwé kan tí orúkọ gbogbo fáìlì náà wà nínú rẹ̀, tí wọ́n lè tẹ̀ sórí bébà tàbí fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Iṣẹ́ yìí kì í pẹ́ dàrú. Àwọn kan a máa fi ọwọ́ da orúkọ kọ, wọn a sì fo òmíràn. Àwọn tó gbìyànjú láti kọ ètò fún un a há sídìí àdírẹ́sì fódà. Àwọn tí ètò tiwọn sì ṣiṣẹ́ a rí i pé àwọn orúkọ tó ní àmì Yorùbá ti bàjẹ́, tàbí pé iye tó jáde kò bá iye tó wà nínú fódà mu, wọn kò sì ní mọ èyí tí àwọn ì bá gbà gbọ́ nínú méjèèjì.

Windows ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ó máa ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní wàhálà jù. Níbi tí Mac tàbí Linux bá ti yàtọ̀, mo sọ ọ́ níbẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ nílò Python 3, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, lórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀fẹ́ ni, orí python.org ni a sì ti ń gbà á. Nígbà tí ẹ bá ń fi í sórí Windows, bí ẹ bá rí àpótí kékeré kan ní ìsàlẹ̀ fèrèsé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ "Add python.exe to PATH" sí, ẹ fi àmì sí i kí ẹ tó tẹ ohunkóhun mìíràn.

Ẹ nílò ibi tí ẹ ó ti kọ ètò náà. Notepad tó. Ẹ má ṣe lo Microsoft Word, nítorí pé Word máa ń yí àmì àyọlò padà sí èyí tó tẹ̀, Python kò sì ní gbà á.

Ẹ tún nílò fódà ìdánwò tí ẹ ti mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fo èyí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dán ètò wò lórí fódà tó ní ẹgbẹ̀rún fáìlì kò lè mọ̀ bóyá ohun tó jáde pé tàbí kò pé. Ẹ ṣẹ̀dá fódà kan tí à ń pè ní `C:\Idanwo`, kí ẹ sì fi fáìlì márùn-ún yìí sínú rẹ̀, kódà bí wọ́n bá ṣófo:

```
Adé.txt
Yàrá.txt
Ẹ̀kọ́ 1.txt
Ẹ̀kọ́ 2.txt
Ẹ̀kọ́ 10.txt
```

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣẹ̀dá fódà kékeré kan sínú rẹ̀, kí ẹ pè é ní `Aworan`, kí ẹ sì fi fáìlì kan ṣoṣo, `Foto.txt`, sínú ìyẹn. Nítorí náà, ohun mẹ́fà ló wà nínú `Idanwo`: fáìlì márùn-ún àti fódà kan. Ẹ tún ṣẹ̀dá fódà mìíràn, `C:\Eto`, níbi tí ètò yín yóò máa gbé. Lórí Mac àti Linux, ẹ ṣẹ̀dá fódà méjèèjì sínú fódà ilé yín.

Ìpele 1: Ẹ rí i dájú pé Python ń dáhùn

Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ kọ `cmd`, kí ẹ sì tẹ Enter. Fèrèsé dúdú kan yóò ṣí. Ẹ kọ àṣẹ yìí sínú rẹ̀:

```
py --version
```

Lórí Mac àti Linux, ẹ lo `python3 --version` nínú Terminal.

Ìṣọ́ra: bí ẹ bá kọ `python` lórí Windows tí Microsoft Store sì ṣí lójú yín, ó túmọ̀ sí pé Python kò tíì wà lórí kọ̀ǹpútà náà, tàbí pé ẹ gbàgbé láti fi àmì sí àpótí tí mo mẹ́nu bà lókè.

Àyẹ̀wò: ó yẹ kí ẹ rí ọ̀rọ̀ Python pẹ̀lú nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má tíì tẹ̀síwájú.

Ìpele 2: Ẹ kọ ètò àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì fódà sí i bó ṣe yẹ

Ẹ ṣí Notepad, kí ẹ kọ ìlà wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà:

```python
from pathlib import Path

foda = Path(r"C:\Idanwo")

for ohun in foda.iterdir():
    print(ohun.name)
```

Àlàfo mẹ́rin ló wà níwájú `print`. Àlàfo yẹn ni Python fi ń mọ̀ pé ìlà náà wà lábẹ́ `for`. Bí ẹ bá yọ ọ́, ètò náà kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Lórí Mac àti Linux, ẹ fi `foda = Path.home() / "Idanwo"` rọ́pò ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `foda`.

Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí `C:\Eto` pẹ̀lú orúkọ `akojo.py`. Ibí yìí ni ìdẹkùn kan wà: Notepad fẹ́ràn láti fi `.txt` kún ìparí orúkọ, Windows sì máa ń fi ìparí orúkọ pamọ́, tó fi jẹ́ pé ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ `akojo.py` lè jẹ́ `akojo.py.txt`. Kí ẹ tó tẹ Save, ẹ yí "Save as type" padà sí "All files".

Ẹ padà sínú fèrèsé dúdú, kí ẹ sì kọ èyí (lórí Mac àti Linux, `python3 ~/Eto/akojo.py`):

```
py C:\Eto\akojo.py
```

Bí ẹ bá rí àmì `>>>` níbẹ̀, inú Python fúnra rẹ̀ ni ẹ wà. Àṣẹ yìí kò ní yé e. Ẹ kọ́kọ́ kọ `exit()`, kí ẹ tẹ Enter, kí ẹ tó tún un kọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí lẹ́tà `r` tó wà ṣáájú àmì àyọlò, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Nínú Python, àmì `\` kì í ṣe àmì lásán. Òun àti lẹ́tà tó tẹ̀ lé e máa ń di ohun mìíràn. Bí ẹ bá kọ `"C:\Users\..."` láìsí `r`, Python yóò rò pé `\U` ni ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà Unicode kan (ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀), yóò sì kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ìkéde gígùn tó ní ọ̀rọ̀ `unicodeescape` nínú. Ìyẹn ṣì sàn, nítorí pé ó pariwo. Èyí tó burú jù ni `"C:\titun"`: `\t` yóò di àlàfo Tab, ètò náà yóò máa wá fódà tí kò sí níbì kankan, ẹ̀yin yóò sì máa wo orúkọ tí ẹ kọ, ẹ ò ní rí ohun tó ṣe é. Nítorí náà, ẹ máa fi `r` síwájú gbogbo àdírẹ́sì Windows. Ohun kan ṣoṣo tí `r` kò gbà ni kí àdírẹ́sì parí pẹ̀lú `\`. `r"C:\Idanwo\"` kò ní ṣiṣẹ́, ẹ yọ `\` ìkẹyìn náà kúrò.

Bí fódà tí ẹ fẹ́ bá jìn sínú kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kọ àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹ di bọ́tìnì Shift mú, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ fódà náà, kí ẹ yan "Copy as path". Yóò wá pẹ̀lú àmì àyọlò tirẹ̀, nítorí náà ẹ kàn fi `r` sí iwájú rẹ̀ ni.

Àyẹ̀wò: ó yẹ kí orúkọ mẹ́fà jáde, `Aworan` sì wà lára wọn. Bí ẹ bá rí `FileNotFoundError`, àdírẹ́sì ni kò tọ́. Bí ẹ bá rí `NotADirectoryError`, fáìlì ni ẹ tọ́ka sí dípò fódà. Bí orúkọ kò bá tò tẹ̀ lé ara wọn bí ẹ ṣe rò, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. `iterdir` kò ṣe ìlérí pé òun yóò tò wọ́n. Bí àmì ohùn bá sì yà kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀ nínú fèrèsé dúdú náà, ìrísí lẹ́tà inú fèrèsé yẹn ló fà á. Orúkọ gan-an kò bàjẹ́.

Ìpele 3: Ẹ mú fáìlì nìkan, kí ẹ fi fódà sílẹ̀

Ẹ yí ìparí ètò náà padà báyìí:

```python
for ohun in foda.iterdir():
    if ohun.is_file():
        print(ohun.name)
```

Bí ẹ bá ti ka ẹ̀kọ́ Python níbòmíràn, ẹ lè ti bá `os.listdir` pàdé, tí wọ́n sì ń fi `os.path.isfile` yẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan wò. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀fìn tó jìn. Orúkọ lásán ni `os.listdir` ń dá padà, láìsí àdírẹ́sì fódà níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá wá bi `os.path.isfile` léèrè nípa `Adé.txt`, inú fódà tí fèrèsé dúdú yín dúró sí ni yóò ti wá a. Kò ní rí i níbẹ̀, yóò sì ní kì í ṣe fáìlì. Gbogbo orúkọ ni yóò ṣubú bẹ́ẹ̀, ètò yóò parí láìsọ̀rọ̀, àkójọ yóò sì ṣófo láìsí ìkéde àṣìṣe kankan. Ìdí nìyí tí mo fi yan `pathlib`: `ohun` kò gbàgbé ibi tí ó ti wá.

Àyẹ̀wò: orúkọ márùn-ún, `Aworan` kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ẹ bá dé orí fódà yín gan-an, iye tó jáde lè ju èyí tí ẹ ń fojú rí lọ. Windows máa ń fi àwọn fáìlì bíi `desktop.ini` àti `Thumbs.db` pamọ́, Mac sì máa ń fi `.DS_Store` sílẹ̀ káàkiri, pàápàá nínú fílásì tí wọ́n ti lò lórí rẹ̀ rí. Ètò yín kì í fi ohunkóhun pamọ́. Ní èrò tèmi, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo wọn hàn, kí ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ tó pinnu èyí tí ẹ óò yọ kúrò nínú ìwé yín.

Ìpele 4: Ẹ tò wọ́n ní ètò a-b-d, kí àmì Yorùbá sì dúró ṣinṣin

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà ti máa ń dá wa dá ìṣòro wa nìyí. Wọn a ní kí ẹ lo `sorted`, wọn a sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà Unicode ni `sorted` fi ń tò, nọ́ńbà Ẹ sì tóbi ju ti Y àti Z lọ. `Yàrá` yóò wá ṣáájú `Ẹ̀kọ́`, àkójọ yín yóò sì dàbí èyí tí ẹni tí kò mọ Yorùbá tò.

Ìṣòro kejì farasin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú `é`: gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo, U+00E9, tàbí gẹ́gẹ́ bí `e` tí àmì ohùn òkè, U+0301, tẹ̀ lé. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n lójú ètò, `Adé` tó ní àmì mẹ́ta àti `Adé` tó ní mẹ́rin kì í ṣe orúkọ kan náà. Àwọn Mac àtijọ́, ṣáájú ètò ìtọ́jú fáìlì tí wọ́n pè ní APFS, máa ń tú orúkọ sí wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀. Windows àti Linux máa ń tọ́jú rẹ̀ bí kíbọ́ọ̀dù bá ṣe kọ ọ́. Nítorí náà, fáìlì tó ti gba orí kọ̀ǹpútà ẹni méjì tàbí mẹ́ta kọjá lè gbé oríṣi méjèèjì pọ̀ sínú fódà kan. Ó tún kù: àwọn kíbọ́ọ̀dù kan máa ń fi àmì kékeré tó nà lóòró, U+0329, sábẹ́ `ẹ` dípò ẹ̀kán, U+0323.

Àwọn kan á ní kí a kúkú yọ gbogbo àmì kúrò lára orúkọ fáìlì kí ìyọnu lè dópin. Mi ò fara mọ́ ọn. `Ọkọ̀`, `Ọkọ` àti `Ọkọ́` yóò di ohun kan náà, ẹni tó bá gba àkójọ náà lọ́wọ́ yín kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ mọ́tò, èyí tó jẹ́ ọkọ ìyàwó, àti èyí tí wọ́n fi ń roko. Ìlà díẹ̀ tó láti yanjú rẹ̀, ẹ fi wọ́n sí òkè ètò yín:

```python
import unicodedata

def eto_abd(oruko):
    s = unicodedata.normalize("NFD", oruko.lower())
    s = s.replace("\u0329", "\u0323")
    for ami in ("\u0300", "\u0301", "\u0304"):
        s = s.replace(ami, "")
    return s.replace("gb", "g~")
```

Ohun tí ó ń ṣe rèé. `NFD` tú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́. Ìlà tó tẹ̀ lé e sọ àmì tó nà lóòró di ẹ̀kán. Lẹ́yìn náà, ó yọ àmì ohùn ìsàlẹ̀, ti òkè àti ti àárín kúrò, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀kán sílẹ̀. Nítorí pé nọ́ńbà ẹ̀kán ga ju ti gbogbo lẹ́tà a dé z lọ, `ẹ` yóò bọ́ sí ẹ̀yìn gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `e`, yóò sì wà ṣáájú `f`, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kà á nílé ìwé. `Ọ` àti `ṣ` náà yóò bọ́ sí àyè tiwọn. Ìlà ìkẹyìn ń ti `gb` sí ẹ̀yìn `g`.

Ìṣọ́ra: ọ̀rọ̀ tí `eto_abd` ń dá padà wà fún títò nìkan. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ má sì ṣe fi í ṣí fáìlì. Fún kíkọ jáde, `NFC`, tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ padà, ni a óò lò nínú ìpele tó kàn, ó sì tọ́ fún kíkà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ṣí fáìlì tàbí dà á kọ, `ohun` gan-an ni kí ẹ lò, nítorí pé lórí Linux, orúkọ tí ẹ ti tún ṣe lè má bá èyí tó wà lórí díìsìkì mu mọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ `print(sorted(["Yàrá", "Ẹ̀kọ́", "Eré", "Gbọ̀ngàn", "Gèlè"], key=eto_abd))` sí ìsàlẹ̀ ètò náà, kí ẹ sì tún un ṣe. Ó yẹ kí ó jáde bí Eré, Ẹ̀kọ́, Gèlè, Gbọ̀ngàn, Yàrá. Ẹ pa ìlà náà rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i.

Ìpele 5: Ẹ kọ àkójọ náà sínú fáìlì

Ètò náà lódindi nìyí:

```python
import unicodedata
from pathlib import Path

foda = Path(r"C:\Idanwo")
iwe = Path(r"C:\Eto\akojo.txt")

def eto_abd(oruko):
    s = unicodedata.normalize("NFD", oruko.lower())
    s = s.replace("\u0329", "\u0323")
    for ami in ("\u0300", "\u0301", "\u0304"):
        s = s.replace(ami, "")
    return s.replace("gb", "g~")

oruko = []
for ohun in foda.iterdir():
    if ohun.is_file():
        oruko.append(unicodedata.normalize("NFC", ohun.name))

oruko.sort(key=eto_abd)

with open(iwe, "w", encoding="utf-8") as f:
    for o in oruko:
        f.write(o + "\n")

print(len(oruko))
```

Lórí Mac àti Linux, ẹ fi `foda = Path.home() / "Idanwo"` àti `iwe = Path.home() / "Eto" / "akojo.txt"` rọ́pò ìlà méjèèjì tó ní `C:\` nínú. Ìṣọ́ra mẹ́ta ló wà níbí. Ẹ má ṣe yọ `encoding="utf-8"`: láìsí i, Python lórí ọ̀pọ̀ Windows yóò lo ètò lẹ́tà àtijọ́ tí kò ní `ẹ` àti `ọ` nínú, yóò sì dúró lójijì pẹ̀lú `UnicodeEncodeError`. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó bá fi àmì `>` darí ohun tí `print` kọ sínú fáìlì. Ìkejì, `"w"` máa ń pa ohun tó wà nínú `akojo.txt` tẹ́lẹ̀ rẹ́ láì bi yín léèrè. Bí ẹ bá ti fi ọwọ́ kọ àlàyé kún àkójọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà kí ẹ tó tún ètò náà ṣe. Ìkẹta, ẹ má ṣe tọ́jú àkójọ sínú fódà tí ẹ ń kà gan-an, nítorí pé bí ẹ bá tún un ṣe, àkójọ náà yóò ka ara rẹ̀ mọ́ fáìlì yín.

Bí ó bá jẹ́ Excel ni ẹ óò fi ṣí i, ẹ lo `utf-8-sig` dípò `utf-8`.

Àyẹ̀wò: nọ́ńbà 5 ló yẹ kó jáde nínú fèrèsé dúdú. Ẹ ṣí `akojo.txt`, ìlà márùn-ún ló yẹ kó wà níbẹ̀, `Adé` lókè, `Yàrá` nísàlẹ̀, kí gbogbo àmì sì pé. Ẹ ó rí i pé `Ẹ̀kọ́ 10` wá ṣáájú `Ẹ̀kọ́ 2`, nítorí pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni ètò ń fi wé ara wọn, kì í ṣe iye. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ máa sọ fáìlì ní `01`, `02`, `10` láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìpele 6: Bí fódà bá wà nínú fódà

Ẹ yí apá tó ń kó orúkọ jọ padà sí èyí:

```python
for ohun in foda.rglob("*"):
    if ohun.is_file():
        ona = str(ohun.relative_to(foda))
        oruko.append(unicodedata.normalize("NFC", ona))
```

`rglob` ń wọ inú gbogbo fódà tó wà nísàlẹ̀, `relative_to` sì ń jẹ́ kí orúkọ fódà kékeré hàn níwájú orúkọ fáìlì, kí fáìlì méjì tó ń jẹ́ `Foto.txt` nínú fódà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ má baà rú yín lójú.

Ìṣọ́ra: bí fódà kan bá wà tí ẹ kò ní àṣẹ láti wọ̀, `rglob` sábà máa ń fò ó kọjá láìsọ fún yín. Àkójọ yóò jáde, yóò dára lójú, kò sì ní pé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí nǹkan mìíràn bá yín kà á. Lórí Windows, ẹ ṣí `cmd` gẹ́gẹ́ bí alábòójútó kọ̀ǹpútà, ìyẹn ni pé kí ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ ẹ́, kí ẹ yan "Run as administrator", kí ẹ sì kọ:

```
dir /s /b /a-d C:\Idanwo | find /c /v ""
```

Lórí Mac àti Linux:

```
sudo find ~/Idanwo -type f | wc -l
```

Àyẹ̀wò: 6 ni kí àṣẹ yìí àti ètò yín jọ sọ. Lórí fódà yín gan-an, bí nọ́ńbà ètò bá kéré sí ti àṣẹ, ẹ wá fódà tí wọ́n tì mọ́ yín, kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ẹ sì tún ètò náà ṣe.